Ọkọ̀ Rélùwéè Tí Mo Rà Lórí Fóònù

Òkè-Ọ̀dàn,
Oṣù Kejìlá, 2019.

Ọlámipọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Èkó ń gbè ọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, ìyá rẹ ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti sàn díẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú rẹ rí ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ yìí. Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, wọn kì í gbé bẹntiróòlù wá sílé epo wa mọ́. Mọ́tò tó yẹ kó wá kó ọsàn mi kò rí epo, ọsàn sì ń jẹrà lábẹ́ igi. Níbi tí mo ti ń ronú ni Toheebat, ìyàwó ọmọ Rájí tí o kò tíì mọ̀, fi fóònù rẹ̀ hàn mí, ó ní Bàbá, ẹ wo ọkọ̀ rélùwéè tí wọ́n ń tà. Mo rí i pé ti ayé àtijọ́ ni, irú èyí tó máa ń ti Ìlaròó lọ sí Ifọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èédú ló ń jẹ. Èédú kò sì wọ́n wa níbí.

Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ojúlówó ni, láti ìlú Òyìnbó, obìnrin dókítà kan ṣoṣo ló ti lò ó, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló sì ń gbé e lọ. Mo ní kí Toheebat bi í bóyá ó lè fa ẹrù. Ó fèsì pé ó ń fa ọkọ̀ mẹ́fà lẹ́yìn láì mí hẹlẹ. Mo ní ó ti wọ́n jù, ó ní irú rẹ̀ kò sí mọ́ láyé. Mo ta àwọn ewúrẹ́ mi, mo sanwó.

Gbọ́lá ọmọ àdúgbò wa kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbé àdá lọ ṣán koríko tó bo ojú irin àtijọ́ ní Ìlaròó. Àwọn ará Ajílété ti ń bẹ̀ mí pé kí n bá wọn gbé gààrí. Pásítọ̀ Cornelius mú òróró dání, ó ní a kì í gun ọkọ̀ tuntun láì gbàdúrà sí i. Gbogbo wa dúró ní gáréèjì, à ń wọ̀nà, ni awakọ̀ tó ti Èkó dé bá na páálí bàtà kan sí mi.

Inú rẹ̀ ni ọkọ̀ náà wà. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e, ọwọ́ bò ó. Mo gbé ọsàn kan ṣoṣo lé e, ó dojú dé. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Kò ní ẹ́ńjìnnì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Dókítà tó ń gùn ún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé èèrà ni? Gbọ́lá ní kí n wọ inú ọkọ̀ kí òun bá mi tì í. Bàbá Rélùwéè ni wọ́n ń pè mí báyìí, àwọn ọmọ iléèwé ń fọn fèrè tí mo bá ń kọjá. Toheebat ní kí olè náà dá owó padà, ó fèsì pé ohun tí a rí nínú àwòrán la rà.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n tún àwòrán náà wò dáadáa. Ọlámipọ̀, orí ẹní tí ìyá rẹ hun fún ọ ló gbé ọkọ̀ náà lé. Ìyá rẹ dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Fọ́tò tí o yà lọ́jọ́ tí o jáde ní Pólì wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Olè náà ń wọ yàrá rẹ, ọmọ mi. Tí o bá ti lọ síbi iṣẹ́ ló ń wọlé wá parọ́ fún àwọn ènìyàn lórí ẹní rẹ, kò tilẹ̀ bẹ̀rù ojú rẹ tó ń wò ó. Má ṣe jẹ́ kó fura. Má pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́.

Èmi, Gbọ́lá àti àwọn tó ṣán koríko ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, a ó sá pamọ́ sínú yàrá rẹ títí yóò fi wọlé. Fi owó ọkọ̀ wa ránṣẹ́ sọ́dọ̀ Toheebat, fi owó oúnjẹ kún un, torí ẹni tí ebi ń pa kò lè di olè mú dáadáa.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́, yóò bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, yóò sì jẹ́ kí a bá olè náà nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Kòkúmọ́ Adégbóyè.