Kíláàsì Ìṣirò Tí Maren Kò Fi Sílẹ̀

Solveig ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ilé, láàárín yìnyín tí kò tíì ṣe tán láti yọ́. Ṣé ara rẹ le ní Alaska níbẹ̀? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń jẹ́ kí o sùn? Àlàáfíà ni a wà, àfi pé ọ̀rọ̀ Maren àbúrò rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé yìí ká láti ìgbà ìkórè.

O mọ̀ pé iṣẹ́ ẹnjiníà ló ń lé, afárá ló fẹ́ máa kọ́. Ìdí nìyẹn tó fi mú kálíkúlọ́ọ̀sì, ìṣirò tó le jù nílé-ìwé wọn, lọ́dún àṣekágbá yìí. Ìdánwò àkọ́kọ́ dé, C ló gbà, ọmọ tí kò gba ohun tó rẹlẹ̀ sí A rí! Hallie ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti sá jáde ní tirẹ̀, ó lọ mú kíláàsì oúnjẹ sísè, máàkì A sì ń rọ̀jò lé e lórí. Bàbá yín lu tábìlì: "Jáde ńbẹ̀ kíá! Ṣé C ni wọ́n fi ń kọ́ afárá ni?"

A lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Kostelecky, olùdámọ̀ràn ilé-ìwé. Ó ní àwọn tó ń gbani sí yunifásítì kì í wo máàkì nìkan. Wọ́n á wo bí ẹrù tí ọmọ gbé ṣe wúwo tó, wọ́n á sì fi wé ohun tí ilé-ìwé rẹ̀ ní nílẹ̀. "Wọn ò ní bi Maren léèrè ohun tí a kò kọ́ níbí. Ṣùgbọ́n bó bá jáde, mi ò lè kọ̀wé sí wọn pé èyí tó le jù ló mú." Bàbá yín ní, "Tó bá tún wá gba C ńkọ́?" Olùdámọ̀ràn náà kọjú sí bàbá yín, ó ní, "Darrell, mi ò ní parọ́ fún ọ. Ó lè ṣe é ní jàǹbá. Mi ò lè ṣèlérí."

Ọjọ́ Ẹtì ni àǹfààní àtijáde máa parí. Nídìí oúnjẹ alẹ́ ni Maren tó sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Dádì, àwa mẹ́fà péré la kù. Bí mo bá jáde, a ò ní pé iye tí wọ́n ń fẹ́ mọ́, wọ́n á ti kíláàsì náà pa. Eli ọmọ Tveit ńkọ́? Àwọn yòókù ńkọ́?" Bàbá yín ní, "Ṣé ìwọ lo bí Eli ni?" Maren dìde, ó rọra pa ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dé. Ká ní ó gbá a ni, ẹ̀rù kì bá bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá Solveig, ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn." Bàbá yín kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Maren kò fi kíláàsì náà sílẹ̀.

Ó fi ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà olùkọ́ rẹ̀. Nígbà Kérésì, B ló gbà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ká yọ̀ tàbí ká sunkún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èsì dé. Yunifásítì tó fẹ́ràn jù, níhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè, kọ̀ ọ́. Eli ni wọ́n gbà. Eli kan náà! Bàbá yín ti ń wọ bàtà yìnyín, ó ní òun ń lọ kò àwọn ará yunifásítì náà lójú. Mo dínà mọ́ ọn. Ojú Maren pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n: "Dádì, ẹ jókòó. Eli mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Wọ́n lè kọ̀ mí, àmọ́ wọn ò lè gba ìṣirò yẹn kúrò nínú orí mi."

Lánàá ni yunifásítì ìpínlẹ̀ wa dáhùn: wọ́n gbà á fún ẹnjiníà! Wọn ò sọ bóyá B yẹn ló ràn án lọ́wọ́ tàbí òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́. A ò ní mọ̀ láé.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ nínú òtútù ibẹ̀. Kí ọwọ́ rẹ máa tu aláìsàn lára. Kí a fi ayọ̀ ríra kí àlìkámà tó gbó.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
LuAnn

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bàbá yín ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sunkún lánàá. Ó sunkún. Inú gáréèjì ló wà, ó rò pé a ò gbọ́.