Kọ̀ǹpútà Tú Wa Láṣìírí Níwájú Oníbàárà

                                        Ilé Ìránkọ́tìnnì,
                                        Yàrá Òkè, Ẹ̀yìn Báńkì,
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti san? Ara tèmi le koko, àmọ́ díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí, ọwọ́ ìwọ náà sì wà níbẹ̀. Jókòó kí o tó máa kà á lọ.

Ọ̀gá wa ló ní ayé ti lajú, pé a ò gbọdọ̀ máa fi orí lásán rántí oníbàárà mọ́. Ó bá gbé iṣẹ́ fún ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe irú èyí tí gbogbo ayé ń rà o. Tiwa ni wọ́n dìídì kọ fún wa, bí ìgbà tí a bá wọn fèrèsé ká tó gé aṣọ. Ó ń rántí ẹni tó ra kọ́tìnnì, bí fèrèsé rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn àti ìgbà tó yẹ ká kí i. Èmi ni ọ̀gá ní kí n tẹ orúkọ wọn sí i.

O ṣáà mọ̀ wá. Ìwọ lo kọ́ wa nígbà tí o wà níbí pé orúkọ àbísọ kì í jẹ́ ká rántí ẹnikẹ́ni, ìnagijẹ ló ń múni rántí. Ìnagijẹ wọn náà ni mo tẹ̀ sí i. Mo rò pé àwa nìkan la ó máa rí i. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, kí n lè fi dán an wò.

Àṣé ètò náà máa ń dá kí èèyàn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi iṣẹ́, ó ti ránṣẹ́ sí fóònù gbogbo wọn. Obìnrin tó ni òtẹ́ẹ̀lì, tó gbé kọ́tìnnì gbogbo yàrá rẹ̀ fún wa rán, gba tirẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyáàfin Tún-un-Wọ̀n. A ò gbàgbé yín." Ọkọ rẹ̀, tó máa ń fọwọ́ pa aṣọ títí tí kì í rà á, di Bàbá Màá-Padà-Wá. Ọ̀gá wa náà gba tirẹ̀: Ọ̀gá Ó-Ku-Díẹ̀. Ó kà á, ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Ó ní bí obìnrin òtẹ́ẹ̀lì bá gba iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wa, kí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ máa bá a lọ.

Obìnrin náà dé lóòótọ́, fóònù lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sá sẹ́yìn ìdì aṣọ, àmọ́ ọ̀gá fà mí jáde. Obìnrin náà bi mí pé ta ló fún òun lórúkọ. Ọ̀rẹ́ mi, má bínú, ìwọ ni mo dárúkọ. Mo ṣáà mọ̀ pé o ti lọ sílé ọkọ, ọwọ́ ò lè tó ọ.

Kò tiẹ̀ bínú. Ó ní ẹ̀rín ọkọ òun lòun ti ń rín láti àárọ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti ní òun máa padà wá tún ilẹ̀kùn kíṣìnnì ṣe, ilẹ̀kùn ọ̀hún ṣì wà nílẹ̀. Ó ní orúkọ tí òun á máa pe ọkọ òun nìyẹn. Ó ní ká máa bá iṣẹ́ lọ, àmọ́ ká tún fèrèsé yàrá ìjẹun wọ̀n. Mo gé ètè jẹ. Ló bá bi ọ̀gá pé ibo la bá iṣẹ́ dé. A ò tíì gé aṣọ kankan o, àmọ́ ọ̀gá ní, "Ó ku díẹ̀, mà." Obìnrin náà wò mí, mo wò ó, ẹ̀rín bá pa wá.

Iṣẹ́ mi ò bọ́. Àmọ́ ọ̀gá ní ìwọ náà gbọ́dọ̀ wọ inú ètò náà. Mo fún un ní nọ́ńbà rẹ, ó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ó fúnra rẹ̀ wá orúkọ fún ọ, ó sì tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní sọ orúkọ náà fún ọ. Bí fóònù rẹ bá dún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, má jẹ́ kí ọkọ rẹ kọ́kọ́ gbé e. Látìgbà tí mo ti ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ yìí ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo rí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí lọ́jọ́ kan náà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí ìyá rẹ dáadáa. Fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ fún mi.

Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà, èmi ṣì ni

Òwú rẹ.