Ọ̀rọ̀ Dókítà Tí Mo Gbé Mì

Barriera di Milano,
Torino.

Ìbíwùmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Padova. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ ti fúyẹ́? Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín rẹ kò ní jẹ́ kí n lè sọ ọ́, ni mo ṣe kọ̀wé.

Hidayah ọmọ rẹ tún ti lóyún. Má tíì yọ̀, kà á dé ìsàlẹ̀.

Ìwọ náà yìn mí nígbà tí mo fi kọ́tìnì tó nípọn bo gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ìṣerun mi, tí mo ń ti ilẹ̀kùn, kí àwọn obìnrin wa lè ṣí ìbòrí wọn láìsí ọkùnrin tí yóò yọjú. Òórùn rílásà tí a fi ń na irun kò wá rọ́nà jáde. Inú rẹ̀ ni Hidayah ti ń bá mi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí oyún àkọ́kọ́ fi bàjẹ́.

Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ sí consultorio, ilé ìwòsàn àwọn aboyún, láti bá a túmọ̀. Dókítà ní òun kò lè búra pé iṣẹ́ wa ló fà á, ṣùgbọ́n àwọn kẹ́míkà kan wà nínú nǹkan ìṣerun tí kò bá ilé ọmọ rẹ́. Bó bá tún lóyún, kó jìnnà sí i. Hidayah ní, “Àǹtí, kí ni wọ́n sọ?” Mo ní, “Wọ́n ní kí o máa sinmi, kí o máa jẹun dáadáa.” Ọdún Ìtunu Àwẹ̀ ti sún mọ́lé, oníbàárà pọ̀, n kò ní ẹlòmíràn. Àwíjàre mi nìyẹn, kò sì tó nǹkan.

Ìwọ wá ní ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀, o ní kó má jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Mo ṣe àmín sí àdúrà rẹ, bí ẹni tó jí adìyẹ tó tún ń bá wọn wá a kiri. Ojú ń tì mí.

Àná ló sọ fún mi pé òun tún lóyún, ó ń po rílásà lọ́wọ́. Mo gba abọ́ náà, mo sọ ohun tí dókítà wí gan-an. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó ká a, ó ní, “Àǹtí, ẹ̀yin kẹ̀?” Ó jáde lọ. Ìbá sàn kó bú mi.

Jọ̀wọ́, pe ìyá ọkọ rẹ̀, kí o tọrọ àforíjì. Èmi ni kí o máa bínú sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí oyún yìí dúró, kí a jọ gbé ọmọ náà jó. Kó fi sí ọ lọ́kàn láti dárí jì mí, bó tilẹ̀ pẹ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Ùmmùkùlsùmù.

Àfikún: Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ilá wá fún un ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ àná. Hidayah ní kí n bá òun dà á nù. Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ìyá náà ti yọ gbogbo egungun ẹja inú rẹ̀ fún un.