Aago Mẹ́sàn-án Tó Wà Lára Pátákó

Àdúgbò Joju,
Sango-Ọ̀tà.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ayọ̀kúnnúmi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo kí àárẹ̀ ara. Mo nígbàgbọ́ pé ìwé yìí yóò bá ọ ní àlàáfíà, pé o ń jẹun dáadáa, pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí sì ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ara le, ọpẹ́ ni fún Olúwa, àfi pé ilé dá páropáro.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ. Lórí fóònù, kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì ni wàá ti ní, "Màmá, mò ń padà pè yín." Ọmọ Adérógbà, ará iwájú ilé wa, ń padà sí Jámánì lọ́sẹ̀ yìí, òun ni mo fi rán sí ọ. Ìwé kì í já bí fóònù.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti dágbére fáyé, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lérò mọ́. Pásítọ̀ Cornelius, tí ìjọ wọn ti kún àkúnya lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní kí n yọ̀ǹda ibẹ̀ fún àwọn ọmọdé ìjọ. Kò fipá mú mi o, ọmọlúàbí ni. Mo ní kó fún mi láyè di ọjọ́ àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù. Bí èrò bá wá, n ò ní fi sílẹ̀. Bí èrò ò bá wá, á jẹ́ pé bàbá rẹ nìkan ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ wá tẹ́lẹ̀, n óò kó kọ́kọ́rọ́ fún Pásítọ̀.

O rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe é. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti gbé pátákó dúdú síta, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjèèjì àti aago sí i. Ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ni gbogbo Joju gbà. Àwọn tó ń ṣe ṣíìfù ní ilé iṣẹ́ á dúró kà á kí wọ́n tó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Èmi tí n ò mọ̀ ju pé bọ́ọ̀lù rí róbótó, ìwọ ni mo pè lórí fóònù láti bi. Ariwo ọkọ̀ ojú irin ń pọ̀ lẹ́yìn rẹ, o ní, "Màmá, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni." Mo kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gbálẹ̀, mo nu àwọn bẹ́ǹṣì, mo bu epo sí jẹnẹrétọ̀. Mo wá ti ilẹ̀kùn, mo lọ sílé lọ wẹ̀. Mo tilẹ̀ kun àtíkè, bí ẹni tó ń retí àlejò pàtàkì. Oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí ariwo "Góòòlù!" sọ láti ilé ìwòran kejì tó wà lọ́nà Ilo-Awela. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn wọ̀nyẹn ti ń wo bọ́ọ̀lù àtijọ́ láti fi dúró de tòní. Ariwo kejì ló jẹ́ kí n sáré padà sí ilé ìwòran wa.

Àlàájì Rauf nìkan ni mo bá lórí àtẹ̀gùn, ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, tí òun àti bàbá rẹ máa ń fa ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bí ẹni fẹ́ jà. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ayọ̀. Aago mẹ́jọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀." Ó ní mẹ́sàn-án tí mo kọ, ti òyìnbó ni. Bó bá ti di ìgbà ooru lọ́dọ̀ wọn, wọ́n máa ń sún aago síwájú, bàbá rẹ sì máa ń yọ wákàtí kan kúrò kí wọ́n tó kọ ọ́. Mo ní, "Ẹnikẹ́ni ò wá, àbí?" Ó wolẹ̀. Ó ní, "Wọ́n wá. Wọ́n kún ibí dé etí títì. Àwọn tó mọ aago gan-an rò pé ẹ kàn ṣì í kọ ni, wọ́n kanlẹ̀kùn títí. Mo pè yín, inú ilé ìwòran tí ẹ tì yìí la ti ń gbọ́ fóònù yín tó ń dún. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá lọ sí Ilo-Awela."

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bí ẹnì kankan ò bá wá lọ. Mo ṣílẹ̀kùn, mo tan iná, èmi àti Àlàájì la jọ wo ìyókù láàárín bẹ́ǹṣì òfìfo. Nígbà tí àwọn aláṣọ pupa gbá èyí tó fún wọn ní ife sáwọ̀n, Àlàájì fò sókè, ó kọjú sí ibi tí bàbá rẹ máa ń jókòó, ó ti na ìka láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró sókè bẹ́ẹ̀. Ó rọra jókòó. Mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Pásítọ̀, mo ní èrò wá. Ó ní, "Màmá, wọ́n sọ pé inú ibẹ̀ ṣófo ni." Mo ní ilẹ̀kùn ló tì, èrò ò kọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbàdúrà fún mi. Nítorí náà, n ò fi ibẹ̀ sílẹ̀.

N ò bínú sí ọ. O ò kúkú purọ́, aago mẹ́sàn-án ni lóòótọ́, níbi tó o wà. O kàn gbàgbé pé tiwa yàtọ̀ ni. Nígbà tó o wà nílé, bí o bá ti dárúkọ aago, aago gbogbo wa ni. Lórí àtẹ̀gùn yẹn ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé o ti lọ.

Ilẹ̀ tó o tẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní já sófo. Ọ̀nà tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀ láyọ̀, ojú mi yóò sì rí ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń ṣàárò rẹ,
Tẹjúmọ́lá Ṣótúndé.

Àfikún: Mo ra aago kan, mo gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ ní ilé ìwòran. Àlàájì bá mi yí i sí aago tìrẹ. Bí mo bá wò ó nírọ̀lẹ́, mo máa ń sọ pé, "Ó ti délé báyìí." Ṣùgbọ́n aago ò lè sọ fún mi bóyá o ti jẹun. Pè mí.