Ahọ́n Tó Sùn Díẹ̀

Màámi,

Ẹ kú ojú lọ́nà mi. Ara mi le koko bí ọta. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí látọjọ́ tí mo gbé ìkòkò ńlá ilé oúnjẹ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà ti ń fúyẹ́. Ahọ́n mi nìkan ló sùn díẹ̀ látìgbà náà, yóò jí.

Àmọ́ àwọn èèyàn ibí yìí ti sú mi! Mo gbé ẹ̀yìn lọ bá dókítà, ó ní kí n yọ ahọ́n síta. Mo gbé ahọ́n lọ bá ẹni tó ń to eegun, ó ní kí n dojú bolẹ̀. Ó tẹ ọrùn mi, ó ró kọ̀ọ́, ó ní eegun ibẹ̀ ló há ìtọ́wò mi mọ́lẹ̀. Dókítà ní irọ́ ni. Ṣé orí mi ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́ ni?

Ọ̀gá wa tiẹ̀ wá burú jù. Mo kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mo fi iyọ̀ sí i, mo tún lá a, mo tún fi sí i. Ni ọ̀gá bá tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù: “Ṣé òkun lo ń sè fún wa ni?” Ó ní kí n máa sinmi nídìí àwo fífọ̀. Ìsinmi gidi ni, bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ nìkan ni kò bá ẹ̀yìn mi rẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé sọ fáwọn èèyàn pé ọmọ yín ti di ọ̀gá alásè.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti àbúrò mi. Ata gígún yín dé, mo ti fi se ọbẹ̀. Ẹ ní ṣé ó dùn bíi tilé. Ó dùn gan-an, Màámi. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá ló sọ bẹ́ẹ̀.