Tírà Abẹ́ Pákó

Ojúlé Kẹsàn-án, Ilé Hollins,
Peckham, London.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, 2025.

Habeebullah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àsàlámù àléékúmù. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá yín, Ààfáà wa, ńkọ́? Ṣé ojú tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń ríran díẹ̀díẹ̀? Ara tiwa le, àfi òtútù ìlú yìí tó ń wọ eegun bí ẹni pé ó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Má bínú pé o ò gbúròó mi. Díẹ̀ ló kù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

O mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Uncle Akínbọ̀wálé ni mo ti ń ṣe káfíńtà. A gba iṣẹ́ ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá Rye Lane, irú èyí tí ìjọba kì í jẹ́ kí wọ́n wó. Níbi tí mo ti ń ká pákó ilẹ̀ kúrò, mo rí agolo bísíkíìtì kan lábẹ́ rẹ̀. Ìwé ló kún inú ẹ̀. Wọ́n fa ilà sí i ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú ilé tiẹ̀, nọ́ńbà wà létí, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó ṣeé kà. Ìwọ tá a jọ lọ sílé kéwú, kí lo máa pe ìyẹn? Tírà ni mo pè é, mo bá ní kí Uncle wá wò ó.

Uncle, tí wọ́n jẹ́ díákónì, ní, "Gàníyù, mi ò fẹ́ problem lórí site mi o. Sun nǹkan yẹn."

Mo kọ̀. Ṣé o rántí bí Ààfáà ṣe nà wá lọ́jọ́ tá a fi bébà dáná àgbàdo? Wọ́n ní a kì í sun ìwé tá ò lè kà, omi la fi ń fọ̀ ọ́. Mo bá pọn omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, mo ṣe bisimilá, mo ri ewé kan bọ̀ ọ́.

Bí Mofẹ́olúwa ṣe wọlé nìyẹn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tó ń bá council bójú tó ilé àtijọ́.

"Uncle, ẹ dúró, please," ó sọ fún mi. "That's not jùjú. Code ni."

Ó ṣàlàyé pé àwọn tó ń tú àṣírí ọ̀rọ̀ ọ̀tá nígbà ogun Hítílà ló kọ ọ́. Uncle tó ní kí n sun ún ló wá ń bi mí pé ta ló rán mi níṣẹ́ omi. Wọ́n ní tí ìwé náà bá bàjẹ́, kí n di irinṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ Àsúmáù ìyàwó mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ìyá òyìnbó kan tí council rán, tó mọ̀ nípa ìwé ogun, dé. Wọ́n ní pẹ́ńsù ni wọ́n fi kọ ọ́, ìdọ̀tí nìkan ni omi fọ̀ kúrò. Ká ní iná ni, gbogbo ẹ̀ ì bá ti di eérú. Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi sun ún. Mo wo Uncle, Uncle ń wo àjà. Mo ní Ààfáà kan ní Ìwó ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá náà ní kí n pe orúkọ Ààfáà lẹ́tà-lẹ́tà. Tá a bá parí ilé yìí, wọ́n máa kọ orúkọ náà sára gíláàsì tí ìwé náà máa wà nínú ẹ̀.

Iṣẹ́ mi ò bọ́ mọ́. Bá mi kí gbogbo ilé. Kó o tó pa lẹ́tà yìí dé, jókòó ti Ààfáà, kà á sí wọn létí. Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí.

Tìrẹ láìyẹ̀,
Gàníyù