Ọkọ̀ Tó Ń Pariwo Pé Ilẹ̀kùn Ò Tì

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ìrẹ̀pọ̀,
Mówè,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Sùlèímọ́nù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara Bàbá ti ń mókun láti ìgbà tí ẹ ti kúrò ní ọsibítù? Mo gbọ́ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ba Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì mọ̀ pé ìwọ àti iṣu rẹ ti ń yọ̀. Èmi náà dúpẹ́. Ara le, àwọn tó ń kọ́lé ní Arẹ́pò ò sì jẹ́ kí èmi onítáìlì sinmi.

O ti gbọ́ lórí fóònù pé Sàúdátù bí ọkùnrin làǹtìlanti, pé Àbdùlsàmàd ló ń jẹ́. Èyí tí o kò tíì gbọ́ ni bí ìyá ìyàwó mi ṣe dé Mówè. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín ni ì bá jẹ gbogbo káàdì mi tán.

Màmá kì í wọ ọkọ̀ kékeré. Nígbà tí Sàúdátù wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ilẹ̀kùn takisí kan ṣí lójú eré, ó já wọn sílẹ̀ sójú títì, ìbàdí wọn sì yẹ̀. Láti ìgbà náà, bọ́ọ̀sì ńlá nìkan, àárín ni wọ́n sì máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n láti Ìfọ̀ tí wọ́n ń gbé dé Mówè, èèyàn á wọ̀, á sọ̀, á tún wọ̀, ìbàdí yẹn ò sì gbà á mọ́. Sàúdátù ń sunkún pé ta ni yóò wẹ ọmọ, ta ni yóò fi omi gbígbóná tẹ ikùn fún òun. Mo pe Màmá, mo bẹ̀ wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ sídìí fóònù bí ẹni pé wọ́n ń wò mí. Wọ́n ní kò burú, àwọn á wọ ọkọ̀ mi nítorí ọmọ tuntun, àmọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá fi dẹ́rù ba àwọn pẹ́nrẹ́n, ẹsẹ̀ àwọn ò tún ní kan inú ọkọ̀ mi láé.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ wàhálà! Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí n lọ mú wọn wá, mo ṣáná, iná pupa tàn níwájú mi, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, píì, píì, píì, pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ṣí sílẹ̀. Mo sọ̀, mo tún un tì. Ó ń ké. Mo fi ìdí tì í. Ó ń ké. Bàbá Olúgbádé tí a jọ ń gbélé ní mo ń ṣe jẹ́jẹ́ jù, ó gbá ilẹ̀kùn náà débi pé gíláàsì mì tìtì. Ọkọ̀ ò dá a lóhùn, ó ń ké lọ.

Mo gbé e lọ sí Ìbàfò, sọ́dọ̀ Lukman, rewáyà tó ń tún iná rẹ̀ ṣe. Ó tú inú ilẹ̀kùn, ó fi nǹkan kékeré kan hàn mí lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é, òun ló máa ń sọ fún ọkọ̀ pé ilẹ̀kùn ti tì. Ilẹ̀kùn tì o, kọ́kọ́rọ́ mú dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ ló kú. Òmíràn ò sì lè dé títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Màmá fún un, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò le rárá. Mo máa gé wáyà yìí, mo máa so ó pọ̀. Ọkọ̀ á kàn máa rò pé door ti tì ni. Màmá ò ní gbọ́ píì kankan."

Sùlèí, ọkàn mi fẹ́ ẹ gan-an. Ẹnu mi ti ń ṣí láti ní kó gé e, ni mo bá bi í pé tí ilẹ̀kùn bá wá ṣí lóòótọ́ ńkọ́. Ó ní ọkọ̀ ò ní sọ̀rọ̀ nìyẹn. Àfi bí ẹni pé mo rí Màmá nílẹ̀ lójú títì. Mo ní kó má fọwọ́ kan wáyà, mo sì gbé ọkọ̀ mi tó ń pariwo lọ sílé.

Nígbà tí mo dé Ìfọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ kí wọ́n tó gbé ẹrù jáde. Mo ní, "Màmá, ọkọ̀ yìí máa ké o, á ní ilẹ̀kùn ò tì. Irọ́ ló ń pa."

Wọ́n ní, "Ọkọ̀ ló ń purọ́, àbí ìwọ?"

Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n fà á. Wọ́n fà á, ará ilé bá wọn fà á, kò mì. Mo ní kí wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ní rárá, ilẹ̀kùn tó ń sunkún yẹn ni àwọn fẹ́ máa ṣọ́. Ni wọ́n bá wọlé, wọ́n fa ọ̀já tuntun tí wọ́n rà fún pípọn ọmọ yọ, wọ́n fi so ọwọ́ ilẹ̀kùn mọ́ irin ìrọ̀rí àga iwájú, wọ́n ta á ní kókó, wọ́n tún ta á. "Bismillāhi. Ó yá, máa lọ."

A ò mọ̀ pé etí ọ̀já náà yọ síta. Gbogbo ọlọ́kọ̀ tó bá wa lọ́nà ló ń pariwo lé wa lórí. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajúwọ̀n, ọlọ́kadà kan sún mọ́ fèrèsé: "Màmá, ẹ wo door yín o, aṣọ ń fà nílẹ̀!" Màmá ké sí i pé ó tì, àwọn ti so ó. Nígbà tó yá, wọn ò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n á ti na ọwọ́ síta pé "A ti so ó!" Èmi ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Kí a tó dé Ìbàfò, mo wo dígí, Màmá ti sùn! Ọkọ̀ ń ké, wọ́n ń hanrun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Lukman mú sẹ́ńsọ̀ tòkúnbọ̀ dé, ó fi sí i. Màmá gbé àpótí, wọ́n jókòó tì í títí ó fi parí. Wọ́n wá dìde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn: ó ké. Wọ́n tì í: ó dákẹ́. Wọ́n tún ṣí i, wọ́n tún tì í, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé n kò jẹ́ kí a gé wáyà yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí, ohùn wọn ti yí padà.

"Yínúsà, ṣé Ọbáfẹ́mi jìnnà síbí?"

Ẹ̀gbọ́n wọn, Àǹtí Àjíbíkẹ́, ló ń gbé ibẹ̀. Ọkọ̀ kékeré nìkan ló máa ń wọ ọ̀nà àdúgbò wọn, nítorí náà láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú, orí fóònù nìkan ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń gbọ́ ohùn ara wọn. N kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ọjọ́ kejì gan-an la gbéra. Nígbà tí a débẹ̀, Àǹtí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn ò mọ ọkọ̀ ẹni tó dé. Mo ní kí n sáré wá ṣílẹ̀kùn, Màmá ti ṣí i fúnra wọn, ọkọ̀ sì figbe ta. Wọ́n gbá a pẹ́pẹ́ lórí: "Dákẹ́ jàre, mo ti dé." Àǹtí gbọ́ ohùn náà, wọ́n dìde tọ̀pátọ̀pá. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi, mo wá lọ ń tẹ táyà tí nǹkan kan ò ṣe.

Bá mi kí Bàbá, bá mi kí Nàfísàt ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Sàúdátù àti Màmá ní kí n kí ọ púpọ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré ni èmi,
Yínúsà.